Irin Inú Ẹsẹ̀ Ọ̀tún: Bí Ọ̀rọ̀ Owó Gbà-má-bínú Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Lọ ní Iléṣà

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ maṣíìnì rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà ni mọ́tò búrẹ́dì ṣẹ́ lábẹ́ orókún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lójú ọ̀nà Ìsọkùn, nílùú Iléṣà. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ láti ọjọ́ yẹn títí owó fi wọ àkáǹtì rẹ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù sí i lọ́wọ́. Tí ọkọ̀ bá gbá èèyàn, ohun tí ará àdúgbò máa ń gbọ́ kò ju pé "wọ́n ti sanwó fún un" lọ. Èyí tó kù lẹ́yìn tí oníkálukú ti yọ tirẹ̀, wọn kì í gbọ́ ọ.

Ọjà Àtàkúmọ̀sà ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ ra òwú àti síìpù. Ó gun ọ̀kadà. Mọ́tò búrẹ́dì tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yà fún kòtò, ó sì wọ ọwọ́ tí wọ́n ń bá bọ̀. Ọlọ́kadà fò bọ́ sínú koríko, apá rẹ̀ bó. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀kadà wó lé. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò náà ti ṣí sílẹ̀, búrẹ́dì wà káàkiri ojú títì, ó gbóná débi pé inú ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń sẹ omi. Òórùn búrẹ́dì yẹn ò kúrò nímú mi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù létí títì ti ya fọ́tò mẹ́rin: nọ́ńbà mọ́tò, ibi tí mọ́tò dúró sí, ipa táyà lórí ọ̀dà, àti búrẹ́dì tó fọ́n ká. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò mẹ́rin yìí ló gbé ẹjọ́ wa ró níkẹyìn.

Ilé ìwòsàn aládàáni tó sún mọ́ wa jù la kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n ní ká kó ₦150,000 sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, ó lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. A ò mọ̀ nígbà náà. Takisí la fi gbé e dé ilé ìwòsàn Wesley, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí wọ́n ya egungun ní fọ́tò, tí wọ́n sì sọ fún wa pé wọ́n máa fi irin sí i.

Ní ọjọ́ kẹrin ni àwọn ẹlẹ́bẹ̀ dé. Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì, pásítọ̀ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan láti ilé wọn, ìyá méjì, àti dírẹ́bà fúnra rẹ̀, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Gbogbo ọkùnrin inú wọn dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ìyá kúnlẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó bi í pé, "O ti jẹun?" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti dárí jì í. Wọ́n yọ ₦150,000 nínú ọ̀rá, wọ́n yọ ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ilé. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé wọ́n ti tọ́jú aláìsàn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì ní ohunkóhun láti béèrè mọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tàbí ọlọ́kọ̀ títí láé. Wọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá ló fẹ́ rí i kí wọ́n lè tú mọ́tò sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà yẹn ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìjẹ̀ṣà kan náà ni wá."

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti mú báírò. Mi ò bá a wí. Nígbà tí èèyàn yín bá ṣì ń mí, tí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ síwájú yín, ọwọ́ á kàn fẹ́ fọwọ́ sí i ni.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìntì. Wọ́n wá kí aláìsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí báírò ti ń kan ìwé ni wọ́n béèrè pé, "Ta ló máa san owó irin?" Gbogbo yàrá dákẹ́. Wọ́n wá la ọ̀rọ̀ náà fún wa, pẹ̀lẹ́tù, lójú àwọn ẹlẹ́bẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni ìjàm̀bá ọkọ̀ máa ń yà sí. Ìkíní ni ẹ̀sùn wíwa ọkọ̀ ní ìwàkuwà, ìjọba ló ni ín, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló wà. A lè bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fojú àánú wò ó. Ìkejì ni owó gbà-má-bínú, ẹni tó fara pa ló ni ìyẹn. Ẹni tó bá dárí jini ní ti àkọ́kọ́ kò tíì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ti ìkejì, àfi tó bá fọwọ́ sí irú ìwé yìí. Wọ́n sì ní àyẹ̀wò VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, àti ìwé onídùúró ló ń tú mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pé ìfọwọ́sí aláìsàn kọ́.

Bàbá gba ìwé pélébé, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ òmíràn: pé a gba ₦150,000 gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ fún ìtọ́jú, kò sì pa ẹ̀tọ́ aláìsàn rẹ́ láti béèrè ohun tó bá tọ́ sí i. Ọlọ́kọ̀ rojú kó tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá ní ká má bínú sí wọn, pé ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà pé àwa máa jẹ ilé búrẹ́dì rẹ̀ run. Wọ́n ní inṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ la máa lọ bá.

Mo tẹ *565*11# lórí fóònù mi, mo fi nọ́ńbà mọ́tò inú fọ́tò sí i. Ó dáhùn pé inṣọ́ránsì mọ́tò náà wà nínú ìwé, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Àyọ̀ bá mi, nítorí ayédèrú ìwé inṣọ́ránsì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ kíákíá fún èèyàn. Tó bá jẹ́ ayédèrú ni, àpò ọlọ́kọ̀ nìkan là bá máa nawọ́ sí. Ti ọ̀kadà, kò sí rárá.

Ọdọọdún ni ọ̀gá búrẹ́dì ń san owó inṣọ́ránsì yìí, síbẹ̀ ìwé tí a fi ń la ọlọ́pàá kọjá ló rò pé ó jẹ́. Kò dá wà nínú èrò yìí. Láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn, ọdún 1945, ni òfin ti wà nílẹ̀ pé ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ rìn láìní inṣọ́ránsì tó máa dúró fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá pa lára. Ní January 2023, àjọ NAICOM tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì sọ owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni di ₦15,000 láti ₦5,000, wọ́n sì ní tí ọkọ̀ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò (inṣọ́ránsì) máa san tó ₦3,000,000. Ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000 nígbà náà. Àwọn kan gbà pé ₦3,000,000 yẹn ni òpin gbogbo owó tó lè jáde. Dúkìá nìkan ni òpin yẹn wà fún. Ní ti ẹni tó kú tàbí tó fara pa, òfin ìgbà náà kò fi iye kankan dé e. Ohun tí ọlọ́kọ̀ bá jẹbi rẹ̀ ni adójútòfò máa dúró fún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé òun ti fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò òfin adójútòfò ti ọdún 2003. Abẹ́ ti àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí.

Bàbá wá fún mi níṣẹ́: kí n máa kó rìsíìtì. Nínú ẹjọ́ ìfarapa, oríṣi owó méjì là ń béèrè. Ọ̀kan ni owó tí a ti ná tàbí tí a ti pàdánù, tí èèyàn lè kà lẹ́yọ-lẹ́yọ. Kóòtù kì í gba èyí láìsí ẹ̀rí, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀. Èkejì ni owó ìrora, ti àpá, ti ìgbádùn ayé tó dín kù. Ìyẹn kò ní rìsíìtì, adájọ́ ló máa wò ó. Fáìlì aláwọ̀ ewé kan ni mo rà. Káàdì, fọ́tò egungun àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ₦96,000. Iṣẹ́ abẹ àti irin, ₦520,000. Bẹ́ẹ̀dì, oògùn àti dírẹ́sìn, ₦148,000. Ọ̀pá ìtilẹ̀ àti àwọn tó kọ́ ọ bó ṣe máa tún rìn, ₦64,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦828,000. Dókítà tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa yọ irin náà lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀, pé ó lè tó ₦250,000. Owó takisí tó ná ní àlọ àti àbọ̀ ilé ìwòsàn sún mọ́ ₦70,000, ṣùgbọ́n takisí Iléṣà kì í já rìsíìtì, a ò sì ní kí ẹnì kankan kọ ọ́ fún wa. Owó yẹn lọ bẹ́ẹ̀.

Ti iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Oṣù méje ni kò fi ránṣọ. Ó ní òun ń jèrè ₦90,000 lóṣù. Lọ́yà béèrè ẹ̀rí. Aránṣọ wo ló ń kọ ìwé ìṣirò owó? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló rántí ìwé ìwọ̀n. Ìwé kíkọ ọgọ́ta ojú ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ oníbàárà, lábẹ́ rẹ̀ "àyà 38, ìbàdí 44, gígùn ọwọ́ 9", ẹ̀là aṣọ kékeré kan tí wọ́n fi pín-ìnnì mọ́ ọn, àti nísàlẹ̀: "₦7,000, ó san ₦3,000, ó ku ₦4,000." Orí tábìlì oúnjẹ la ti ṣí i láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, oṣù mẹ́fà, a yọ owó òwú, ti láínì àti ti iná kúrò. Ó já sí ₦74,000 lóṣù. Fún oṣù méje, ₦518,000. Nígbà tí lọ́yà rí ìwé náà, ó ní ka má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbá ojú ewé rẹ̀ pọ̀ tàbí kọ nǹkan sí i. Àpapọ̀ ohun tí a lè fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀ wá di ₦1,596,000.

Lọ́yà mẹ́ta la bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan fẹ́ ₦300,000 kó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìkejì ní òun ò gba nǹkan báyìí, òun máa mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún níkẹyìn. Ẹ̀kẹta ni a mú: obìnrin ni, ó ní ìdá márùn-ún-dín-lógún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá wọlé, tí kò bá sí nǹkan tó wọlé, a ò jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ wọn gba irú àdéhùn yìí nínú ẹjọ́ owó, kò gbà á nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n lọ́yà kò gbọ́dọ̀ ru ìnáwó kóòtù fún oníbàárà rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ san án ṣáájú, oníbàárà á sì dá a padà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n bá lọ́yà jà ju bí wọ́n ti bá ẹni tó gbá wọn jà lọ, nítorí pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn.

Àjọ tó ń gbèjà tálákà ní kóòtù, Legal Aid Council, náà ń gba ẹjọ́ ìjàm̀bá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀ ni wọ́n ń gbà. ₦30,000 ni owó oṣù yẹn nígbà náà (kó tó di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024), ìwé ìwọ̀n tó gbè wá sì fi hàn pé ẹ̀gbọ́n mi ń rí jù bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ó fi ìwé ọlọ́pàá, ti dókítà, rìsíìtì àti fọ́tò tì í. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ní ọ̀kadà ló wọ ọwọ́ mọ́tò, ó sì ní ẹ̀gbọ́n mi kò dé akoto. Ìwọ̀n tí ọlọ́pàá mú lójú títì àti fọ́tò ipa táyà dá a lóhùn lórí ti àkọ́kọ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́kadà ní ẹ̀bi díẹ̀, ẹ̀bi ẹni tó gbé èrò kì í ṣe ẹ̀bi èrò. Lórí akoto, lọ́yà wa kọ ìlà kan péré: ẹsẹ̀ ló ṣẹ́. Lóòótọ́ ni òfin ń dín owó ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú ìpalára ara rẹ̀ kù, àmọ́ àìṣọ́ra náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó fa ìpalára ọ̀hún. Wọ́n tún ní dírẹ́bà lè máa fi mọ́tò ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, nítorí tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀bi lè má dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Fọ́tò búrẹ́dì tó wà nílẹ̀ la fi ránṣẹ́.

₦600,000 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ san, pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó bá fọwọ́ sí i kò ní lè béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbà á. Owó àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó yá ti ń pè é. Bàbá akọ̀wé kóòtù wá sílé, wọ́n rán an létí iṣẹ́ bàbá àwọn bàbá wa, àwọn òṣómàáló tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi tí owó bá pé. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò tíì ṣeé lóṣòó.

A lóṣòó fún un. Lẹ́tà kejì gbé e dé ₦1,350,000, ibẹ̀ ló ti dúró fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, lọ́yà gbé ọlọ́kọ̀ àti dírẹ́bà lọ sí Kóòtù Gíga tó wà ní Iléṣà, ó sì fi ìwé tó adójútòfò létí ní ọjọ́ kan náà. Ìfitónilétí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé: lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, tí wọn ò bá gbọ́ nípa ẹjọ́ kó tó wọlé tàbí láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san ohun tí adájọ́ bá dá. Ọ̀gá búrẹ́dì pè mí lóru ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé, àpò adójútòfò la dojú kọ." (Ká ní ọkọ̀ ìjọba ló gbá a ni, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀ fún wa láti pẹjọ́. Ẹ wo ìgbà tí a tó délé ẹjọ́.)

Kí adájọ́ tó gbọ́ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni adójútòfò pè wá pé ká parí rẹ̀. ₦2,400,000, yàtọ̀ sí ₦150,000 ti ọlọ́kọ̀ ti san. Lọ́yà sọ ohun méjèèjì fún ẹ̀gbọ́n mi láìfi nǹkan pamọ́. Tí a bá jà á dópin, owó lè gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ẹjọ́ náà sì lè gba ọdún mẹ́rin, kí ẹ̀gbẹ́ kejì tún pe kòtẹ́milọ́rùn. Owó ìnáwó tí kóòtù ń ní kí ẹni tó pàdánù san kì í sábà tó ohun tí ẹni tó jàre ná, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ adájọ́ ti ń kọ̀ pé kí èèyàn gbé owó lọ́yà rẹ̀ ka orí alátakò. A bẹ̀ pé kí adójútòfò fi ₦200,000 sí i fún ti lọ́yà. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Bó ṣe pín nìyí. Lọ́yà mú ₦360,000. Ìnáwó tó ti san ṣáájú, ìyẹn owó ìwé kóòtù, ti akódà tó mú ìwé lọ, ti ìwé ọlọ́pàá àti ti dókítà, jẹ́ ₦118,000. ₦1,922,000 ló wọ àkáǹtì. Ó san ₦550,000 fún àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí èlé wà nínú rẹ̀. Ó dá ₦178,000 padà fún àwa mọ̀lẹ́bí tí a dá owó jọ. A ní kó má dá a padà, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun di gbèsè sí wa lọ́kàn. Ó fi ₦250,000 pamọ́ fún yíyọ irin. Ó ku ₦944,000. Tí ẹ bá yọ oṣù méje tí kò ṣiṣẹ́ àti owó takisí tí kò ní rìsíìtì, ₦356,000 ló dúró fún ìrora, fún àpá tó gùn tó ìka mẹ́rin, àti fún ìtiro tó máa ń hàn tí ó bá ti rìn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà. Inú mi ò tíì dùn sí i rí, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ₦150,000 inú ọ̀rá ni ì bá jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ti ra maṣíìnì oníná, àlòkù, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ó ní ìlà aṣọ kọ́kọ́ ń wọ́, àmọ́ ó ti ń tọ́ bọ̀. Irin náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó padà lọ béèrè owó yíyọ rẹ̀, wọ́n ní ó ti di ₦410,000. Ó ní ọyẹ́ ni òun ń gbọ́ òtútù rẹ̀ jù, láàárọ̀, kó tó jókòó ti iṣẹ́. Fáìlì aláwọ̀ ewé yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo ti fi ìwé tí wọ́n kọ ₦410,000 sí kún un.